Abẹ́rẹ́ yẹ́lò kan àti ìwé ìlera Bíngò: ìṣẹ̀lẹ̀ ajá kan láàárín Ọ̀fà àti Ìlọrin

Ajá méjì ló wà nílé Màmá ní Ọ̀fà. Akọ ni Bíngò, abo ni Tanímọ̀la. Ìyá kan náà ló bí wọn, àwọ̀ pupa rúsúrúsú kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta ní 2023. Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé Èkó, òun ló ń fi owó ìtọ́jú àwọn ajá ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, ó gba yàrá sí Tankẹ. Mo ti pa orúkọ àwọn ajá náà dà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí. Màmá fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ kí àwọn tí a jọ ń tọ́jú ẹranko lè rí i kà.

Káàdì àjẹsára kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ajá méjèèjì. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Eku ti jẹ etí rẹ̀, òjò tó gba òrùlé wọlé sì ti mú kí íǹkì rẹ̀ ràn débi pé ọjọ́ kan péré ló ṣeé kà: 11/05/2023, ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ìyókù wà káàkiri. Díẹ̀ wà lórí Màmá, díẹ̀ wà nínú fóònù ọmọ tó wà lÉkòó, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ti fún àwọn ajá náà lóògùn rí. Ilé púpọ̀ ni ọ̀ràn rí báyìí. Àwọn ènìyàn kò kọ ajá wọn sílẹ̀, owó ń jáde, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí ènìyàn lè wò kó mọ ohun tó ti wọ ara ajá yìí.

Ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2023, Bíngò kọ oúnjẹ. Èrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tíì tí a kò da mílíìkì sí. Màmá ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń lọ láti ilé dé ilé gún ẹranko lábẹ́rẹ́. Ó wo ajá náà, ó ní ibà eégbọn ni, ó gún un, ó gba owó, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì Bíngò ti ń jẹun. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó tún dùbúlẹ̀.

Màmá ní láti wá sí Ìlọrin kí wọ́n lè yẹ ojú rẹ̀ wò, kò sì rí ẹni tó máa fi ajá tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ fún. Ló bá gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pàdé wọn ní Gáréèjì Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ wa ní ilé ìtọ́jú ẹranko ni wọ́n gbà tààrà. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà nìyẹn.

Bíngò wọn kílò 24 lórí òṣùwọ̀n wa. Ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ jẹ́ 40.1, bẹ́ẹ̀ ajá tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 39.2. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 19, ó sì yẹ kó tó 37, ó kéré tán. Eégbọn wà nínú etí rẹ̀ àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ajá bá dé báyìí lágbègbè wa, Babesia, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa ibà eégbọn, ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, diminazene aceturate sì ni oògùn tí ọwọ́ ń tètè tó. Ọ̀dọ́ dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti ń múra láti po oògùn. Àmọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó béèrè ohun tó yẹ kó béèrè:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fún un ní Ọ̀fà?”

“Abẹ́rẹ́ ibà ni, dókítà. Ó yẹ́lò.”

Ibí ni ọ̀rọ̀ dé tó fi gba ìrònú. Diminazene tí a ti pò yẹ́lò. Oxytetracycline náà yẹ́lò, àwọn fítámínì B tí a ń gún náà yẹ́lò. Bó bá jẹ́ fítámínì ni wọ́n fún un, kò sí ohun tó ní ká má fún un ní diminazene. Bó bá sì jẹ́ diminazene ni, ewu ńlá ni ká tún un fún un. Oògùn náà kò fàyè gba àṣìṣe púpọ̀ lára ajá. Ìwọ̀n tó ń wò ó sàn àti ìwọ̀n tó ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ kò jìnnà síra. Tí a bá fún un jù, tàbí tí a tún un fún un kí ti àkọ́kọ́ tó kúrò lára, ajá lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú rẹ̀ lè máa gbọ̀n láìdúró, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àmì wọ̀nyí lè má hàn títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nígbà tí alájá ti gbà pé abẹ́rẹ́ ti ń ṣiṣẹ́.

A ní kí Màmá pe ọkùnrin tó gún un. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọmọ tó wà ní Èkó ni wọ́n wá pè, nítorí òun ló sanwó. Ohun tó sọ ló yí gbogbo rẹ̀ padà: “Màmá, mo ṣáà ní kí ẹ ya fọ́tò oògùn yẹn fún mi kí n tó fowó ránṣẹ́.” Ó yẹ WhatsApp rẹ̀ wò, ó rí fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́ sí wa.

Orí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ti yà á. Sásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti fà lẹ́nu ya wà níbẹ̀, orúkọ diminazene aceturate hàn gedegbe lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sírínjì mílílítà méjì wà, omi yẹ́lò inú rẹ̀ sún mọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ àti aago sì wà lórí ìfiránṣẹ́ náà. Màlúù ni wọ́n ṣe sásẹ́ẹ̀tì yẹn fún. Gíráàmù 2.36 ni gbogbo rẹ̀, 1.05 nínú rẹ̀ ni diminazene gan-an, ó sì tó ẹranko tó wọn kílò 300. Bí a bá pò ó bó ṣe yẹ, mílílítà kan ló wà fún kílò 20. Bíngò kò nílò ju mílílítà 1.2 lọ. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà nínú sírínjì yẹn ló gbà, ó ti gbà jù ú lọ dáadáa.

A kò fún un ní diminazene mọ́. A wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkópù, a kò rí Babesia. Platelet rẹ̀, èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, wálẹ̀ gan-an, àyẹ̀wò kíákíá sì fi hàn pé kòkòrò àrùn mìíràn, Ehrlichia canis, ti wọ ara rẹ̀. Eégbọn náà ló ń gbé ìyẹn kiri, àwọn àrùn méjèèjì sì máa ń pàdé lára ajá kan. Oògùn doxycycline ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ọjọ́ 28 gbáko. A fi oògùn pa eégbọn ara rẹ̀, a sì ń ṣọ́ ìrìn àti ojú rẹ̀ fún àmì ohun tí abẹ́rẹ́ Ọ̀fà lè ti ṣe. Kò sí ìkankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan PCV ti di 24, nígbà tí oògùn fi máa parí ó ti di 38.

Fọ́tò tó gbà á yìí, wọn kò yà á nítorí ìlera ajá. Owó ló mú kí wọ́n yà á. Ó dùn mí pé ọmọ tó fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ ló tọ́jú ẹ̀rí tí ẹni tó gún abẹ́rẹ́ kò fi sílẹ̀. Látọjọ́ náà ni ẹbí yìí ti pinnu pé àwọn máa ní ìwé ìlera kan tí gbogbo wọn lè rí lórí fóònù, wọ́n sì ní ká bá àwọn dá sí i.

Ohun tí wọ́n gbìyànjú

Ẹgbẹ́ WhatsApp ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọkùnrin náà ń kọ “ó ti lò ó” síbẹ̀ láràárọ̀, èyí sì wúlò nígbà tí doxycycline ń lọ lọ́wọ́, torí ọjọ́ tí kò bá kọ nǹkan kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Àmọ́ kò pẹ́ tí “ẹ kú àárọ̀” àti àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ fi bo èsì àyẹ̀wò mọ́lẹ̀. Fóònù Màmá kún, ọmọ àdúgbò kan tó fẹ́ bá a ṣe é sì pa àwọn fọ́tò rẹ́ kí àyè lè wà. WhatsApp dára fún kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú ìwé sí.

Lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà wa áàpù kan tó wà fún ìlera ajá sórí fóònù rẹ̀. Ó lẹ́wà lójú. Àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ọkàn ibẹ̀ ló sì wà: àwọn àrùn tí wọ́n ń bẹ̀rù níbẹ̀ ló kún inú rẹ̀, kò sí àyè gidi fún ibà eégbọn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, dọ́là ni wọ́n fẹ́ gbà kí ẹnì kejì tó lè rí i. Ó tẹ ọjọ́ àjẹsára tó ń bọ̀ sínú rẹ̀, ó ní kó máa rán òun létí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ohun tó wá dúró ni fódà kan lórí Google Drive, tí Google Sheets kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn fọ́tò. Ọmọ tó wà ní Èkó ló ń kọ ọ́, torí òun ló máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lójúmọ́. Màmá kì í tẹ nǹkan kan. Ó ń fi ohùn ránṣẹ́, ọmọ rẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fara mọ́ ètò yìí gan-an. Ẹni tó ń rí ajá lójoojúmọ́ kò ní láti jẹ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, kó ṣáà ti sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́, ìwọ̀n ajá ní kílò, ohun tí wọ́n rí, orúkọ oògùn bó ṣe wà lára páálí, iye mílígíráàmù, bóyá ẹnu ni tàbí abẹ́rẹ́, ẹni tó fún un, àti orúkọ fọ́tò tó bá a lọ. Ọdún ló máa ń ṣáájú nínú orúkọ fọ́tò, oṣù á tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn, irú bíi 2023-08-14-Bingo-abere. Báyìí ni wọ́n á ṣe to ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tò wọ́n. Wọ́n sì tẹ “kó wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì” lórí fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ nígbàkígbà. Ojú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì Màmá, fún ọjọ́ tí iná kò bá sí tí fóònù sì kú.

Ajá wo lẹ ń sọ?

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún náà parí, a ń wo ìwé náà pẹ̀lú wọn, ìwọ̀n Bíngò sì mú wa dúró. Kílò 24, lẹ́yìn náà 17, lẹ́yìn náà 24.5, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ajá tó fò sókè sódò bẹ́ẹ̀ kò ní sí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tanímọ̀la ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ tí ìwé sọ pé 17. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, Màmá fi ohùn ránṣẹ́ pé “ajá ti lo oògùn aràn”, ọmọ rẹ̀ ní Èkó sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ Bíngò.

Oògùn aràn nìyí, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó pé diminazene ni. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n ya ìwé àwọn ajá náà sọ́tọ̀, tí fọ́tò wọn sì wà lókè: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, àti iwájú. Àmì funfun wà láyà Tanímọ̀la, etí òsì Bíngò sì ya díẹ̀. Ó dára kí ajá ní maikirosíìpù tó ní nọ́ńbà 15 lábẹ́ awọ, àmọ́ nọ́ńbà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó sì nílò ẹ̀rọ tó máa kà á. Etí tó ya yẹn, Màmá lè fi ojú rẹ̀ rí i.

Ìwọ̀n ló tú àṣírí yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń fojú wọn ìwọ̀n ajá. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Yàtọ̀ sí pé òun la fi ń mọ iye oògùn, òun ló tún ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ajá tí ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà níwájú wa.

Ọjọ́ tí Bíngò gé ọmọ jẹ

Ní oṣù keje 2024, ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ inú ọgbà Màmá lọ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bíngò gé e jẹ ní ojúgun. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Bàbá ọmọ náà dé pẹ̀lú ìbínú, ó sì nídìí tó fi bínú. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?

Màmá ní kí wọ́n ṣí ìwé náà. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó gbẹ̀yìn: 2023-05-11. Ọdún kan ni abẹ́rẹ́ náà wà fún, àkókò rẹ̀ sì ti kọjá ní bí oṣù méjì sẹ́yìn.

Ọmọkùnrin náà wà lórí fóònù láti Tankẹ. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti ní kí áàpù ọjọ́sí rán òun létí. Ìgbà yẹn ló tó ṣí i, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì hàn: ó ti tẹ 11/05/2024, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún lọ́nà tiwa. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́. Áàpù náà ń dúró de ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Inú ìwé Sheets ni ọjọ́ tòótọ́ wà, inú áàpù tí wọ́n ti pa tì ni ìránnilétí wà, àwọn méjèèjì kò sì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba ọmọkùnrin náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun sọ 2023 yẹn di 2024, kí ọ̀rọ̀ lè rọlẹ̀. Mi ò ní dá a lẹ́jọ́ jù. Ọmọdé ni, ó sì fẹ́ dáàbò bo ìyá rẹ̀. Màmá ló dá a lóhùn lójú gbogbo ènìyàn: “Ọmọ ọlọ́mọ ni ajá wa gé jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìwé yẹn.” Ó yíjú sí bàbá ọmọ náà, ó sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ajá ti kọjá àkókò, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì pè wá.

Ká ní wọ́n yí ọjọ́ yẹn padà, àwọn nọ́ọ̀sì lè fojú kékeré wo ọgbẹ́ náà. Dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù, tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. A ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára lọ́jọ́ náà, Màmá àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló san án. Wọ́n so Bíngò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ajá tó bá ní kòkòrò náà nínú itọ́ nígbà tó gé ènìyàn jẹ kì í pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀. Láàárọ̀ àti lálẹ́, Màmá fi ohùn ránṣẹ́: ó jẹun, ó mu omi, ó gbó bó ṣe ń gbó. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé, bàbá ọmọ náà sì ń rí i lórí fóònù tirẹ̀, torí Màmá ní kí wọ́n ṣí i fún un láti wò. Orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ìwé ajá ni, kì í ṣe ìwé ọmọ. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí ara Bíngò dá ṣáṣá, a fún òun àti Tanímọ̀la ní abẹ́rẹ́ wọn.

Ohun tí a ń ṣe báyìí

Google Sheets ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe: ẹni tó yí nǹkan padà, ìgbà tó yí i, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè ṣí i. Ká ní ọmọbìnrin náà gbà fún àbúrò rẹ̀, ojú ìtàn yẹn ì bá tú u. A máa ń fi èyí han àwọn alájá báyìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń gbà wọ́n níyànjú pé kí ẹni méjì péré lè kọ nǹkan sínú ìwé, kí àwọn yòókù kàn lè wò ó.

Ẹ yẹ ètò Sheets yín wò. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀, á ka 11/05 sí oṣù kọkànlá bíi ti áàpù yẹn. Ẹ yí i sí United Kingdom, tàbí kí ẹ máa kọ ọdún ṣáájú. Ìránnilétí àjẹsára gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ènìyàn méjì, kí ilé ìtọ́jú sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú ìwé gan-an ni kí ẹ ti mú ọjọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Ọ̀rọ̀ àti gbogbo àyíká wọn, mo mọ bí iṣẹ́ yín ṣe le tó, ọ̀pọ̀ ajá ni kò rí ẹlòmíràn tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ẹ tó gba owó, ẹ fi ìfiránṣẹ́ kan sórí fóònù alájá: orúkọ oògùn bó ṣe wà lára páálí, iye mílígíráàmù, ìwọ̀n ajá, ọjọ́ òní, àti nọ́ńbà tí a lè fi rí yín. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ kọ pé ẹ fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ya fọ́tò páálí tàbí sásẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú sírínjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí Màmá ṣe yà á nítorí owó. Ẹni tí ajá yẹn máa bá ní Ìlọrin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á ti mọ ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀ kó tó fa oògùn kankan sínú sírínjì.